Èsì: Iná fún ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi fìlọ́òdù (iná mànàmáná ńlá) mẹ́rin dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta yín láti iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Iná tó bá dojú kọ ògiri tààrà máa ń pa òjìji rẹ́, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara òkúta á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí páálí. Iná kéékèèké ni kí ẹ gbé sún mọ́ ìdí ògiri, kó máa tàn lọ sókè lára ògiri. Ẹ ó rí bí gbogbo ojú àáké tí wọ́n fi gbẹ́ òkúta náà ṣe máa yọ. Iná 2700K sí 3000K (K ni ìwọ̀n àwọ̀ iná; èyí máa ń pọ́n bí ìyeyè díẹ̀) ni kí ẹ rà, iná funfun báláú ò yẹ òkúta àtijọ́ (èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá). Tí ẹ bá máa lu ihò, ibi tí òkúta méjì ti pàdé ni, torí ìyẹn ṣeé dí padà. Àdán ń gbé òkè ilé? Ẹ má tanná sí ẹnu ọ̀nà wọn.