Ṣé màmá mi tó ń lo warfarin lè máa mu atalẹ̀ pupa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpẹ̀rù Rẹ́mọ ni mo ti ń kọ̀wé. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 68. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí wọn lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wọn ra atalẹ̀ pupa wá láti ọjà Ṣàgámù, ó ní kí wọ́n máa lọ̀ ọ́ mu láràárọ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ṣé atalẹ̀ tí a fi ń se ẹran náà ni? Ṣé wọ́n lè mu ún?

Ìdáhùn: Kí màmá dá ife àràárọ̀ yẹn dúró ná. Kí wọ́n má sì dá warfarin dúró o! Bí èmi apòògùn bá ti ní "ẹ dá a dúró," oògùn òyìnbó ni àwọn àgbà wa kọ́kọ́ ń sọ sílẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ ẹbí ni wọ́n. Ẹ gé méjèèjì wò. Atalẹ̀ ẹran ní okùn nínú, ó sì ń ta lẹ́nu. Atalẹ̀ pupa, tí àwọn kan ń pè ní ajó, inú rẹ̀ pọ́n bí inú ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, ó ń kun ọwọ́, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ataare tí a fi ń sọmọ lórúkọ náà wà nínú ẹbí yìí, èso tirẹ̀ la kàn ń jẹ.

Ẹ ti ń jẹ ajó tipẹ́tipẹ́: òun ló ń sọ kọ́rì di aláwọ̀ ìyeyè. Ìwọ̀nba tó ń wọ inú ìrẹsì tàbí ọbẹ̀ ò le. (Ẹ má ṣáà fi ba ìkọ́kọrẹ́ jẹ́, epo ti tó o.)

Èròjà tí wọ́n ń torí ẹ̀ lò ó fún orúnkún ni curcumin. Nínú ajó gbígbẹ, kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ, ara ò sì tètè gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníkápúsù fi ń fún un jọ, tí wọ́n tún ń fi èròjà inú ata dúdú sí i. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé irú kápúsù bẹ́ẹ̀ ń dín ìrora orúnkún kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń lo warfarin, òun gan-an ni mo bẹ̀rù jù.

Àyẹ̀wò INR la fi ń mọ bí warfarin ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, láàárín 2 sí 3 la sábà máa ń fẹ́. Bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ikùn tàbí ọpọlọ. Ní 2018, àwọn aláṣẹ oògùn ní New Zealand kéde pé INR aláìsàn kan tó ti dúró dáadáa tẹ́lẹ̀ fò kọjá 10 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tí wọ́n fi ajó ṣe.

Nítorí náà, ẹ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn wọn lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ INR wò, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n ti mu. Bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, tí eyín ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí orí ń fọ́ wọn gan-an, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ. Ẹ má fi ibuprofen, oògùn ìrora, rọ́pò ajó o, òun náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Kí dókítà sọ èyí tí wọ́n máa lò fún orúnkún. Fífi aṣọ gbígbóná tí kò jóni lára lé orúnkún ò bá warfarin jà.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Ní 2019, àwọn olùwádìí tú u fó pé ní Bangladesh, àwọn kan ń fi èròjà tó ní òjé, tó jẹ́ májèlé, sínú ajó nígbà náà kó lè pọ́n dáadáa.

Èyí tó kù nílé ńkọ́? Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú tó fẹ́ hù, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tí omi ò ti ń dúró, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá gbẹ, ní nǹkan bí oṣù 8 tàbí 9, ẹ wú u.