Dírípù kọ́ ló máa mú ọfíìsì yín sinmi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlọrin níbí. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó kù lé ní 400. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò pé, ẹni tó ń wá ẹ̀yáwó, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bú, ẹni tí òfò ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn ń kọrí sí. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo sì ń gbé ìpè wọn títí kan aago méjì òru. Oorun ti dá lójú mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ mi bú sẹ́kún lórí tábìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá, òmíràn ń kanra mọ́ gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá àgbà ní kí a pe nọ́ọ̀sì kan láti àdúgbò Táíwò kó wá fa dírípù fún gbogbo wa. Ṣé ó dára? Kí sì ni mo lè ṣe kí àánú mi pọ̀ sí i? Mo ń rí i pé ó ń dín kù. (Ìyá Ìbejì, ẹni ọdún 52, Tánkẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ dírípù yìí ti sú mi, nítorí náà n óò tètè kúrò lórí rẹ̀. Omi, iyọ̀, ṣúgà àti fítámì díẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Ẹni tó ń fẹnu jẹun, tó ń fẹnu mumi, tí ara rẹ̀ le, kí ló fẹ́ fi ṣe? Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, á tọ̀ ọ́ dànù. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ lè gbé àrùn wọ ẹ̀jẹ̀, omi yẹn sì lè ṣe ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ kò dá ṣáṣá ní jàǹbá. Ìtura tí àwọn ènìyàn ń ròyìn, wákàtí méjì tí wọ́n fi dùbúlẹ̀ láìsí ẹni tó pè wọ́n ni.

Ìbéèrè yín kejì ló dá mi dúró. Àánú yín kò kéré. Ohun tí ẹ ń pè ní àánú ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí.

Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ ohun tó ń dun ẹlòmíràn, ọ̀tọ̀ ni kó gba ìrora náà sára. Tania Singer, onímọ̀ ọpọlọ ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wò ó. Apá tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń jẹ ìrora ẹlòmíràn yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń rò ó sí rere, tí a fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ ló ń tán ènìyàn lágbára, tí yóò fi máa sá fún àwọn tó yẹ kó ràn lọ́wọ́. Ẹ wo ilé òkú. Ẹni tó ń gbé omi kaná fún ọlọ́fọ̀, inú òun náà bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò bá wọn yí nílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá yí nílẹ̀, ta ni yóò dá iná?

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tán ènìyàn lágbára pátápátá, nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn: wọn ò pè é ní àìsàn, wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó ló ń fà á. Àmì mẹ́ta ló ní. Agbára á tán. Iṣẹ́ àti àwọn tí a ń ṣe é fún á súni. A ó wá máa rò pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ọmọ yín tó ń kanra, àmì kejì nìyẹn, kì í ṣe ìwà burúkú. Àánú yín tó ń dín kù náà, ibẹ̀ ló wà.

Àti 1979 ni Robert Karasek, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa wàhálà ibi iṣẹ́, ti fi hàn pé iṣẹ́ tó ń pani lára jù ni èyí tí ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni pọ̀, tí àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ẹni kò tó nǹkan. Ẹ wo ọfíìsì yín. Owó oṣù tí kò pé, ẹ̀ka ìṣírò owó ló ń san án. Ẹ̀yáwó, ọ̀gá àgbà ló ń buwọ́ lù ú. Èébú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ abẹ́ yín ló ń gbà á. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọmọbìnrin yẹn ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ tí kò lè dá. Kò yà mí lẹ́nu pé ó sunkún. Ó yà mí lẹ́nu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, àṣẹ ni kí ẹ lọ bá ọ̀gá àgbà tọrọ. Kó fún yín ní iye owó kan tí ẹ lè fi ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Kí ẹ lè ní kí ẹni tí òfò ṣẹ̀ lọ sílé fún ọjọ́ méjì. Kí ẹnì kan wà ní ẹ̀ka ìṣírò owó tó gbọ́dọ̀ fún yín lésì láàárín ọjọ́ méjì. Bó bá kọ gbogbo rẹ̀, ó kéré tán kó gbà kí àwọn ọmọ yín máa sọ pé “èyí kò sí lọ́wọ́ wa” láìjẹ́ pé wọ́n fún wọn ní kúẹ́rì. Ó sàn ju “ẹ jẹ́ ká wádìí” tí gbogbo yín mọ̀ pé kò síbi tó ń lọ.

Nọ́ńbà yín, ẹ gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Kí ọfíìsì ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ máa gbé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan tẹ̀lé ẹnì kan. Lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ikú, jàǹbá, tàbí ẹni tó ní òun fẹ́ pa ara òun nìkan ni kí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè. Wọ́n á ní ẹ ti ń gbéra ga. Wọ́n á sọ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. (Èmi náà ti gbọ́ tèmi, ní Ọjà-Ọba, lójú àwọn ènìyàn.)

Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ lọ lífù kẹ́yìn? Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 nínú ọjọ́ méje, àti ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 lẹ́yìn oṣù 12. Àwọn aláfọwọ́ṣe àti akọ̀wé ló dá lé. Ti ọ̀gá bíi tiyín, inú ìwé àdéhùn ló máa ń wà. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ lọ ka ohun tí ẹ fọwọ́ sí.

Ọmọ tó sunkún, ẹ pè é sápá kan. “Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́. Èwo ló wúwo jù nínú iṣẹ́ yìí?” Lẹ́yìn náà, ẹ panu mọ́. Ẹ má kó gbogbo wọn jọ pé kí oníkálukú ròyìn ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá wù ló ń sọ̀rọ̀. Bí áfáà tàbí pásítọ̀ bá fẹ́ ṣàdúà, àmín, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ fún un pé ayé ló ń ṣe é. Ohun tó bá sì bá yín sọ, kò gbọdọ̀ dé etí ọ̀gá tàbí orí WhatsApp.

Lẹ́tà ni mo kà, n ò rí ẹnikẹ́ni nínú yín. Bí oorun bá kọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí oúnjẹ kò wọlé, ẹ lọ rí dókítà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ̀yin náà wà lára àwọn tí mo ń bá wí. Kí wọ́n bá yín wo ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú.

Owó dírípù mẹ́fà yẹn, ẹ fi ra fóònù ọfíìsì tí mo sọ. Onítọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ rà, èyí tí kò lè gbé WhatsApp.