“Kí ló dé tí o ò máa tà á?”

“Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá ti fọ aṣọ ilé tán, mo máa ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ lẹ́yìnkùlé: mo máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun kí n tó rì í sínú aró, bí ìyá ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ṣe kọ́ mi. Mi ò tà á. Mo fi ń rán bùbá fáwọn ọmọ, mo fi ń ṣe aṣọ tábìlì, mo ń fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ọkọ mi ní ìfowóṣòfò ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n kó o lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa níbí, kí n lọ tà á. Àbí ìwà ọmọdé ló ń yọ mí lẹ́nu ni?” — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kì í ṣe ìwà ọmọdé o.

Lẹ́tà yín gùn, ẹjọ́ ọkọ ló sì kún inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo tún kà. Ẹ ní bí ẹ bá ti fẹ́ yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, àwọn ìbejì á sáré wá dúró, torí aṣọ náà á kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ ewé, bí atẹ́gùn bá wá fẹ́ sí i, lójú wọn báyìí ni yóò máa ṣú, tí yóò di aró. Ẹ ní Kẹ́hìndé á máa pariwo “Ó ti ń yí o!” bí ẹni tí ò rí i rí. Ẹ wá ní ìyẹn ò kúkú ní láárí. Ẹ jọ̀ọ́, òun gan-an ló ní láárí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti mọ nǹkan ṣe, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló dé tí kò máa tà á. Ẹni tó mọ kéèkì ṣe, kó máa tà á. Ẹni tó mọ irun dì, kó gba ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò ní in lérò burúkú. Ayé ló le. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àdìrẹ yìí bá dọjà, oníbàárà ló máa sọ iye yáàdì, òun ló máa dá ọjọ́. Bó bá jẹ́ bátànì Ìbàdàndùn ló ń tà, ẹ ó máa ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó títí ọwọ́ yóò fi máa ro yín. Ẹ ó sì lé àwọn ìbejì kúrò nídìí ìkòkò, torí aṣọ oníbàárà ni. Bó bá wù yín lọ́la, ẹ tà á. Kó ṣáà jẹ́ pé ó wù yín ni, kó má jẹ́ ẹnu ará ilé ló lé yín débẹ̀.

Ẹ tún ní Bàbá Ìbejì kì í gbélé lọ́sàn-án Sátidé, pé wọ́n ń sanwó wọlé lọ wo Arsenal. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló bi wọ́n rí pé èló ni bọ́ọ̀lù ń mú wálé? Mi ò ní kí ẹ fi bá wọn jà o. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wọn bá borí, tí inú wọn ń dùn, ẹ rọra sọ fún wọn pé bí bọ́ọ̀lù ṣe ń tù wọ́n lára ni aró ṣe ń tù yín lára. Ẹ má sọ ọ́ níṣojú Màmá.

Àmọ́, ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn wọn díẹ̀. Òórùn aró kì í ṣe kékeré. Ẹ gbé ìkòkò yẹn jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ sì máa dé e. Bó bá jẹ́ sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ lẹ ń lò dípò omi eérú nínú aró, ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́, kí ọmọ kankan má sì fọwọ́ kàn án. Ojú ni kí wọ́n fi máa wò ó. Owó oúnjẹ tí ẹ fi ra aṣọ funfun lóṣù tó kọjá, ìyẹn ò dáa. Inú owó oṣù tiyín ni kí ẹ ti ya owó aṣọ sọ́tọ̀. Bó bá tán, ó di oṣù mìíràn. Ẹ̀kọ ò wọ́n, ẹnì kan kì í sì í ra ìyẹ́ adìyẹ.

Màmá ńkọ́? Ẹ ní ìyá tó bí wọn ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹ̀yin ń fi ìyẹ́ ya tiyín, ṣùgbọ́n lÁbẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ní bátànì ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sáṣọ láyé ọjọ́un. Ẹ bi Màmá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ fún wọn ní àpótí kí wọ́n jókòó tì yín. Mo mọ àwọn ìyá wa: ẹ ó gbọ́ ìtàn títí ọbẹ̀ yóò fi jóná.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ ka àwọn tó ti gba nínú àdìrẹ yín: àwọn ọmọ ti gbà, ọ̀rẹ́ ti gbà, tábìlì pàápàá ti gbà. Mi ò rí Bàbá Ìbejì níbẹ̀. Èyí tí ẹ máa ya ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ fi rán bùbá àti ṣòkòtò fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní àwòrán tó wù wọ́n. Bí wọ́n bá ní àmì Arsenal ni, ẹ fara dà á.