Ọmọ mi ń bèèrè ogun àwọn Sikh lọ́wọ́ mi

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ojúmọ́ o. Birmingham là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, ń bá ọmọ ẹlẹ́sìn Sikh kan ṣọ̀rẹ́. Láti ìgbà tó ti bá wọn dé gurdwara, ilé ìjọsìn wọn, ọ̀rọ̀ ogun àti idà ló kù lẹ́nu ẹ̀, ó tún fẹ́ wọ ẹ̀gbà irin bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n fòpin sí i. Èmi ò mọ ìtàn náà rárá. Kí ni kí n sọ fún un?

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má tíì lé e. Guru Nanak tó dá ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ ní Punjab, ní Íńdíà, kò jagun. (Guru ni wọ́n ń pe aṣáájú ẹ̀sìn wọn.) Ìgbà tí Jahangir, ọba Mughal, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà, pa Guru Arjan ní 1606 ni ọmọ rẹ̀ Hargobind di idà méjì mọ́ ìbàdí. Ní 1675, Aurangzeb, ọba Mughal mìíràn, ní kí wọ́n bẹ́ orí Guru Tegh Bahadur ní Delhi. Ọmọ ẹni yẹn, Gobind Singh, ló dá Khalsa, ẹgbẹ́ àwọn Sikh tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, sílẹ̀ ní Anandpur ní 1699. Àwọn ọba orí òkè tó yí i ká, tí wọ́n jẹ́ Híńdù, náà gbógun tì í. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín, kó má baà máa wo Mùsùlùmí bí ọ̀tá. Ta ni kò ní Mùsùlùmí nílé nínú wa?

Nígbà tí wọ́n lé Guru kúrò ní Anandpur, ọmọ rẹ̀ méjì ṣubú sójú ogun ní Chamkaur. Àwọn àbúrò wọn méjì, tí àgbà wọn ò ju ọmọ ọdún 9 lọ, bọ́ sọ́wọ́ Wazir Khan, gómìnà Sirhind. Ó ní kí wọ́n yí ẹ̀sìn padà, wọ́n kọ̀. Ìtàn àwọn Sikh ni pé ó ní kí wọ́n mọ ògiri yí wọn ká láàyè. Ọba Malerkotla, Mùsùlùmí, ta kò ó. Títí dòní wọn ò gbàgbé oore rẹ̀. Ní 1710 ni Banda Singh gba Sirhind, tí wọ́n pa Wazir Khan.

Ibi ògiri yẹn ló bá mi. Ọmọ tèmi náà gbọ́ ọ ní gurdwara. Bá a ṣe ń wakọ̀ bọ̀ nílé, ó ń fẹsẹ̀ ta ẹ̀yìn ìjókòó mi, ó ní, “Dádì, tí wọ́n bá ní kí èmi náà fi tiwa sílẹ̀, kí ló wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kọ̀ láti fi sílẹ̀?” Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí. Mo ní ká délé ná. A délé, mo múra iṣẹ́ alẹ́. Kò bi mí mọ́. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí, tí wọ́n bá bi í níbi tó ti wá, á ní àwọn òbí òun ló wá láti Nàìjíríà.

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Tíṣà ló ní ká yé sọ Yorùbá sí i. Ẹni tó jí ṣiṣẹ́ mọ́jú, ṣé òun ló máa wá kọ́ ọmọ ní oríkì láàárọ̀?

Ní ti ẹ̀gbà, ọ̀kan ni nínú ohun márùn-ún tí Khalsa máa ń wọ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ là á yé e.

Tí ẹ bá ráyè, ẹ gbé e dé Thetford, ìlú kan ní Norfolk. Ère Duleep Singh, ọba Sikh tó jẹ kẹ́yìn ní Punjab, wà níbẹ̀ lórí ẹṣin. Ranjit Singh, bàbá rẹ̀, ló gba Lahore ní 1799 tó sọ Punjab di ìjọba ńlá. Ó kú ní 1839. Òyìnbó bá wọn jagun lẹ́ẹ̀mejì, ní 1849 wọ́n gba ìlú àti dáyámọ́ńdì Koh-i-Noor lọ́wọ́ Duleep, ọba ọmọ ọdún 10. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó di Krìstẹ́nì, wọ́n gbé e wá sílùú yìí. Ayaba Victoria kẹ́ ẹ, bó ṣe kẹ́ Àìná tiwa, tí wọ́n sọ di Sarah Forbes Bonetta. Duleep ti lé lọ́mọ ogójì ọdún kó tó padà sẹ́sìn bàbá rẹ̀ ní 1886. Mo máa ń ka ọdún yẹn lọ́kàn tí ọmọ mi bá pè.

Ìbéèrè inú ọkọ̀ yẹn, ẹ wá ìdáhùn tiyín kí ẹ tó gbé e jáde. Èmi ò tíì ní èyí tí mo lè yá yín.