Ṣé ìwé tí a buwọ́ lù lè yọ gómìnà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Wọ́n ní bí ìdajì àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ wa bá ti lè buwọ́ lùwé, gómìnà ti kúrò nípò nìyẹn. Ẹni tó ń kó orúkọ jọ ń gba ₦2,000 àti káàdì ìdìbò lọ́wọ́ wa. Ìgbà wo ni gómìnà máa lọ?

Ìdáhùn: Ìwé yẹn kò lè lé e lọ. Ẹ lọ gba káàdì yín padà lónìí. Níní káàdì ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìtọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìdìbò. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi irọ́ yìí gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ aráàlú.

Kò sí ibi tí Ìwé Òfin 1999 ti ní kí olùdìbò pe gómìnà padà, ìyẹn kí wọ́n yọ ọ́ kí sáà rẹ̀ tó pé. Aṣòfin ló ní ká pè padà: ti Àbújá ní abala 69, ti ìpínlẹ̀ ní abala 110. Aṣòfin náà kò sì ní í torí ìbuwọ́lùwé nìkan lọ. Àwọn tó buwọ́ lù ú gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní àgbègbè náà lọ, INEC á yẹ̀ wọ́n wò, lẹ́yìn náà ni àwọn olùdìbò á tún dìbò láàárín 90 ọjọ́ láti sọ bóyá kí aṣòfin náà lọ. Ẹ rántí ti Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogi. Àwọn tó fẹ́ pè é padà ní àwọn ti ju ìdajì lọ. Nígbà tí INEC ní kí wọ́n mú káàdì yọjú ní 2018, àwọn tí wọ́n rí kò tó 6 nínú 100 olùdìbò. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ti gómìnà wà ní abala 188, ọwọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì wà. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn á buwọ́ lu ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ tó burú jáì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta á ní kí wọ́n wádìí ẹ̀. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ á yan ẹni méje láti wádìí. Bí àwọn méje yẹn bá ní ẹ̀sùn kò múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá múlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ló tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní Ọ̀yọ́, aṣòfin 18 nínú 32 yọ Ládọjà tó jẹ́ gómìnà nígbà náà ní January 2006. Ó yẹ kí wọ́n pé 22. Kí ọdún yẹn tó parí, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a padà sípò.

Aṣòfin àgbègbè yín ni kí ẹ lọ bá. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí ẹ béèrè ohun tó fẹ́ ṣe sí i. Ìyẹn lẹ lè pè padà. Ní ti ₦2,000, n kò rí ìwé tí ẹ buwọ́ lù, nítorí náà n kò lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkùnrin náà ṣẹ̀. Ẹ mú ìwé náà lọ fún lọ́yà tó wà nítòsí yín.