Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó kọ̀ tí kò wọ domain

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Windows 7 tó wà lọ́fíìsì yín ń sọ pé òun ò rí domain (ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, ń ṣàkóso), bẹ́ẹ̀ sì rèé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ geere. Ọjọ́ méjì gbáko ni irú ẹ̀ fi jẹ mí níyà n'Íbàdàn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Windows 7 oríṣi Home ni. Bó bá jẹ́ Home, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, kò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Professional, Enterprise tàbí Ultimate ló ń wọ̀ ọ́.

Professional ni tèmi. Mo pààrọ̀ wáyà, díẹ̀ ló kù kí n bá ẹni tó ń bójú tó sáfà jà. Àṣé DNS ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè àdírẹ́sì tó bá orúkọ kan mu! Ẹnì kan ti lọ kọ 8.8.8.8, DNS ti Google, síbẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì lè yá. 8.8.8.8 mọ gbogbo ayé, kò mọ ará ilé wa. Inú sáfà wa nìkan ni orúkọ domain wa wà. Mo pa á rẹ́, mo fi IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) sáfà síbẹ̀. Ẹ má sì fi 8.8.8.8 ṣe èkejì o, torí Windows lè yà sọ́dọ̀ ẹ̀ nígbàkigbà. Sáfà fúnra ẹ̀ ni kó máa bá yín béèrè ti ìta. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí cmd (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ nslookup, kí orúkọ domain tẹ̀lé e. Bí IP sáfà bá jáde, ọ̀nà ti là.

Mo tún gbìyànjú láti wọ domain, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ló bá ní aago òun àti ti sáfà ò bára mu. Mo wo igun ìsàlẹ̀: January 2009! Mo tún un ṣe, ó wọlé. Akọ̀wé wa wá jókòó, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ fo, ó figbe ta pé mo ti pa iṣẹ́ òun rẹ́. Kò sóhun tó sọnù: domain ló ṣí ojú tuntun fún un, inú fódà orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ní C:\Users ni gbogbo ẹ̀ wà, mo kó o wá sínú tuntun. Ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń lò ó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa ṣépè fún yín.

Lọ́jọ́ kejì, NEPA mú iná. Nígbà tó dé, akọ̀wé ò lè wọlé mọ́. A ti padà sí 2009. Bátìrì pẹlẹbẹ orí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà), CR2032, ló ti kú. Kerberos tí domain fi ń dá èèyàn mọ̀ kì í gba ìyàtọ̀ aago tó ju ìṣẹ́jú 5 lọ, àfi bí ẹni tó ń ṣàkóso ẹ̀ bá yí i. Mo ra òmíràn, mo tún aago ṣe nínú BIOS (ètò tó ń ṣí kí Windows tó ṣí), ó parí. Tiyín náà, ẹ yọ wáyà iná ẹ̀ lóru òní, kẹ́ ẹ wo aago ẹ̀ láàárọ̀.