Ọjọ́ kan péré nígboro Zanzibar: kí la ó wò, kí la ó rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ wa. Àwa obìnrin 16 nínú ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ń lọ sí Zanzibar, erékùṣù tó wà lábẹ́ Tanzania, lóṣù kẹjọ. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a gbà wà létí òkun, ó jìnnà sígboro, ọjọ́ kan ṣoṣo la sì yà sọ́tọ̀ fún ìgboro. A fẹ́ rí ibi ìtàn, a fẹ́ ra kànáfùrù bọ̀ wálé, àwọn kan sì ní ká ra aṣọ ibẹ̀ ká fi ṣe aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba. Báwo la ṣe máa pín ọjọ́ náà tí wọn ò fi ní rẹ́ wa jẹ? Ìyá Ìbejì, Òdògbolú.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá kó lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí náà ni mo máa sọ fún yín: ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn kí owó tó jáde. Ẹni tó bá kó wọ ọjà láàárọ̀ kùtù, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè fún un ni yóò dà bí iye gidi lójú rẹ̀, torí kò tíì gbọ́ òmíràn. Yóò tún wá máa ru ẹrù káàkiri nínú oòrùn. Ẹ fi àárọ̀ wòran, kí ẹ fi ọ̀sán rọlẹ̀ nájà.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ aago pẹ̀lú awakọ̀. Zanzibar fi wákàtí méjì ṣíwájú Nàìjíríà, ìyẹn kò ṣòro, fóònù yín yóò yí ara rẹ̀ padà. Èyí tó ń kó àlejò sí wàhálà ni pé ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni àwọn tó ń sọ Swahili ti ń ka wákàtí. Aago méje àárọ̀ tiwa ni wọ́n ń pè ní saa moja, aago kan tiwọn. Bí awakọ̀ bá ní òun ń bọ̀ ní saa tatu, ẹ̀yin á gbọ́ aago mẹ́ta, òun ń sọ aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí i lójú aago. Èèyàn 16 tó dúró de mọ́tò nínú oòrùn kì í dé ìgboro pẹ̀lú inú dídùn.

Ní ti ìmúra, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí obìnrin bo èjìká àti orúnkún nígboro. Bùbá àti ìró tó fúyẹ́ ti tó. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀, nítorí àwọn ọ̀nà tóóró inú Stone Town, ìgboro àtijọ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún ayé lọ́dún 2000, mọ́tò kì í wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ mú èèyàn lọ ni ibi tí ọjà ẹrú wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1873 ni Súlútánì Barghash ti ọjà náà pa, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fúngun mọ́ ọn, ọdún yẹn náà ni ìjọ Áńgílíkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kàtídírà sórí ilẹ̀ náà. Nítòsí pẹpẹ, àmì róbótó kan wà nílẹ̀ tó ń fi ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn mọ́ igi nà hàn. Nínú ọgbà, ère èèyàn márùn-ún dúró nínú kòtò, ẹ̀wọ̀n irin lọ́rùn wọn. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tún wà tí wọ́n ń fi han àlejò; àjà rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, kí ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lókè. Láti inú ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania, Malawi àti Kóńgò lónìí ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn náà wá. Àwa Ìjẹ̀bú kò sì lè dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Àwọn ọ̀nà òwò tó gba ilẹ̀ wa lọ sí ọ̀sà, aṣọ nìkan kọ́ ló gba ibẹ̀ kọjá, ẹrú náà gba ibẹ̀. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tó jókòó sínú ilé ìjọsìn náà tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fún ibẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀, kí ẹ má ṣe kánjú jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rìn lọ sí etí omi. Odi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ngome Kongwe wà níbẹ̀, àwọn Lárúbáwá Oman ló mọ ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn Potogí lọ. Beit-al-Ajaib, ààfin ńlá tí Barghash kọ́ lọ́dún 1883, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá kan rẹ̀ wó lóṣù Kejìlá 2020, ìta lẹ ó ti wò ó. Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa wo ilẹ̀kùn àwọn ilé, igi gbígbẹ́ tí wọ́n kan ìṣó idẹ mọ́. Ìyẹn nìkan tó ìran.

Wọn yóò fi Changuu lọ̀ yín, erékùṣù kékeré tí àwọn ìjàpá ràgàjì láti Seychelles wà. Ibẹ̀ dára, ìtàn rẹ̀ náà sì dùn: wọ́n kọ́ ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ lọ́dún 1893, wọ́n padà sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń dá àwọn arìnrìn-àjò dúró sí nítorí ibà pọ́njú (yellow fever). Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ìran tí ẹ ó wò níbẹ̀, yóò jẹ ìdajì ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Fún ọjọ́ kan, èmi ò ní lọ.

Ibà pọ́njú tí mo dárúkọ yìí, ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílé, wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Láti oṣù Kẹwàá 2024 sì ni Zanzibar ti pọn ọ́n dandan kí àlejò ra ìwé adójútòfò tiwọn, 44 dọ́là fún àgbàlagbà. Ẹ má fi ọ̀rá di ẹrù lọ, Tanzania ti fòfin dè é láti 2019. Àpò aṣọ ni kí ẹ mú dání.

Ó di ọjà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan yóò tẹ̀ lé yín, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù dáadáa hàn yín. Papasi ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n, ìyẹn eégbọn. Owó tí ọlọ́jà yóò fún wọn, orí ọjà tí ẹ bá rà ló máa wà. Ẹ gba amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ, ẹ sì kọjá sí Darajani, ọjà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1904, níbi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń nájà. Kí gbogbo yín má kó wọ ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rán àwọn méjì tó mọ ọjà ná ṣáájú, kí wọ́n fi owó shilling ná an.

Kànáfùrù wọn, karafuu ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ló bí orúkọ tiwọn àti tiwa. Erékùṣù Pemba ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tò sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré fún àlejò, ó lè ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n. Ẹ fi èékánná tẹ orí rẹ̀: èyí tó dára yóò mú òróró díẹ̀ jáde, òórùn rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tí orí rẹ̀ ti já, igi lásán ni. Mo sì mọ̀ wá o. Ẹnìkan nínú yín yóò gbọ́ iye rẹ̀, á rántí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkàn rẹ̀ á fò sí odidi àpò. Ẹ má dán an wò. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ZSTC ló ń ra kànáfùrù lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó sì ń tà á sókè òkun, fàyàwọ́ ni wọ́n ka ti ẹlòmíì sí. Ti ọbẹ̀ àti ti ẹ̀bùn nìkan ni kí ẹ rà, kí ẹ gba rìsíìtì. Ohun pupa tí wọ́n ń tà ní saffron, èròjà ọbẹ̀ tí a ń rí lára òdòdó, lówó pọ́ọ́kú, òdòdó míì ló sábà máa ń jẹ́, saffron gidi wọ́n níbi gbogbo. Ìkarahun òkun àti ohunkóhun tí wọ́n fi eepá ahun òkun ṣe, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá: òfin àgbáyé de ti ahun òkun, ìkarahun náà sì lè fa wàhálà ní pápákọ̀ òfurufú.

Aṣọ ẹgbẹ́ ni mo fi sí ìkẹyìn torí òun ló gba ọgbọ́n jù. Oríṣi méjì lẹ ó rí. Kitenge, ańkárá wa náà ni, ẹ má fi owó ọkọ̀ òfurufú ra ohun tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kanga ni ẹ lọ wá. Méjì-méjì ni wọ́n ń tà á, doti ni wọ́n ń pe méjèèjì pọ̀. Ó ní ìgbátí yí ká, ọ̀rọ̀ Swahili kan sì wà lára rẹ̀. Doti kan kò lè tó ìró àti bùbá fún àgbàlagbà obìnrin, bí télọ̀ bá sì gé e, ìgbátí àti ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká lò ó bí ìborùn àti ìpèlé lórí funfun, yóò yọ ju rírán lọ.

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń jíṣẹ́ bí àrokò. Òmíràn dára, bíi Wema hauozi, oore kì í jẹrà. Òmíràn, orogún ni wọ́n fi ń bú, tàbí aládùúgbò. Ẹ bi amọ̀nà yín kí ẹ tó yan. Ṣọ́ọ̀bù kan sì ṣọ̀wọ́n tó máa ní doti 16 irú kan náà lórí pẹpẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọjá láàárọ̀, ẹ yan èyí tó wù yín, ẹ sọ iye doti tí ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kó o jọ kí ẹ tó padà dé lọ́sàn-án. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún yóò kà á, màá sì fèsì kí ẹ tó kúrò létí omi.